Ta Ni Mo Ń Bá Sọ̀rọ̀ Nígbà Tí Ẹ Ń Pè Mí?

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Ilé Ẹlẹ́ran,
Sabon Gari, Zaria.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2003.

Waheedat ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí Abdulazeez ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ, mo sì kí àlejò kékeré tó wọlé tọ̀ yín wá. Ẹ kú ewu ọmọ. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tí ọyẹ́ ń dà láàmú láràárọ̀. Ara tìrẹ ńkọ́? Ṣé ọmú ń sun dáadáa? Ṣé wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ gbígbóná? Má mu omi tútù o, ẹnikẹ́ni tí ì báà sọ fún ọ pé kò ṣe nǹkan.

Dọ̀tun alálùbọ́sà ló gbé ìròyìn yín ti Ìgbẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Mò ń to páálí ọṣẹ níwájú ìsọ̀ nígbà tó yọ. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Ìyá Waheedat, ẹ kú oríire o, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Hafeezat ni wọ́n pè é." Mo ní, "Ọmọ wo?" Ó ní, "Háà! Ọmọ-ọmọ yín mà ni! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ ò fẹ́ gbọ́?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló jẹ́ kí n gbé páálí sílẹ̀. Ìwọ náà mọ Dọ̀tun, kì í yájú sí mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú ilé yín ló ti gbọ́ ọ.

Mo fà á wọlé, mo fún un lómi, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní ọjọ́ kejì tí o bímọ ni Abdulazeez wọ mọ́tò láti Ìgbẹ̀tì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti pè mí, pé ó dúró ní ilé tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì, tí tèmi kàn ń dún pí-pí-pí bíi ti ẹni tó gbé etí tẹlifóònù kúrò nípò rẹ̀. Ó ní ó tún padà lọ nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, bákan náà ni. Ó ní lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àáfà béèrè pé, "Ìyá ìyàwó ńkọ́? Orúkọ wo ni wọ́n fi ránṣẹ́?" Ìwọ lo wá sọ láti inú yàrá pé, "Ẹ máa bá a lọ. Màámi ti dáhùn."

Waheedat, mi ò dáhùn. N kò gbọ́ ìpè tí màá fi dáhùn.

Mo mọ ibi tí o ti mú èrò yẹn wá, n kò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ojú rẹ ló ṣe nígbà tí mo máa ń gbé etí tẹlifóònù sórí tìmùtìmù lọ́jọ́ tí àwọn aláwìn bá fẹ́ pè, kí wọ́n lè rò pé mò ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìwọ gan-an lo máa ń gbé tìmùtìmù wá! A ò sì fi bẹ́ẹ̀ tú ká dáadáa lẹ́ẹ̀kẹyìn. Èmi fẹ́ kí o wá bímọ sí Zaria níbí, ní ọsibítù tí Fọláwùmí ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ìwọ ní ilé ọkọ rẹ lo máa bí i sí. Mo kùn. Ẹ̀yin ọmọ a máa pe kíkùn ní ìbínú. Àmọ́ ta ni í kùn títí tó fi máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ-ọmọ ara rẹ̀ síta?

Ohun tó rú mi lójú jù lọ ni pé ẹ̀gbẹ́ tẹlifóònù yẹn gan-an ni mo wà. Mo ti fi ọwọ́ ka oṣù rẹ, mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ náà ni. N kò lọ sí Dakace lọ kó owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. Inú pálọ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo fa ẹní wá síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń kírun. Tí mo bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n lè gbọ́. Kò dún. Bí mo ṣe jókòó tì í tó, kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, "Ọmọ yìí ò tíì bí ni?"

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà nínú pálọ̀ náà fún ọ, nítorí o kò tíì rí i. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí mo ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn ní Chikaji ti gba ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá yìí ní a kò gbọdọ̀ máa kọ ohun tí a fẹ́ sínú tákàdá mọ́, pé inú kọ̀ǹpútà ni a ó máa kọ ọ́ sí, kọ̀ǹpútà náà á gba ojú tẹlifóònù pe ti Èkó, ti Èkó á wá sọ fún Chikaji pé kí wọ́n kó ọṣẹ fún mi. Mo ní, "Ọ̀gá, láti orí òrùlé mi ni mo ti ń rí èéfín Chikaji. Ọ̀kadà àcàbà kan ni mo máa gùn dé ibẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ mi fi máa kọ́kọ́ lọ sí Èkó?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Madam, ayé ti yí padà." Mo ní ṣé ọṣẹ náà á gba Èkó wá ni? Ó ní rárá o, ọṣẹ á ṣì ti Chikaji wá. Títí di òní n kò rí ẹni tó lè là á yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí kò bá gba ẹ̀rọ, ọjà rẹ̀ á bọ́ sọ́dọ̀ Alhaji tó wà ní Dogarawa, ọkùnrin tó ti ń wá ọjà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ni kí n ṣe? Mo gbà á.

Tóbilọ́ba ni orúkọ ẹni tí wọ́n rán wá láti so ó mọ́lẹ̀, ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí o fi ń ka ìwé. Ó wá mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde, kò ju ọṣẹ méjì tí a tò pọ̀ lọ, ó ní módẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ó yọ waya tẹlifóònù mi lára ògiri, ó kì í bọ ẹ̀rọ yẹn, ó wá ti ara ẹ̀rọ náà fa waya padà sínú tẹlifóònù. Bó ṣe tan iná sí i, módẹ́ẹ̀mù tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ó wá fi igbe ta: kíííí, kọ̀-kọ̀-kọ̀, ṣààà! Bí ìgbà tí omi bọ́ sínú epo gbígbóná tí ológbò sì ń wò ó. Mo sáré gbé etí tẹlifóònù láti mọ ohun tó ń dun ẹni náà. Mo ní, "Àsàlámù àlékùm, ta nìyẹn?" Kò dáhùn. Mo tún fi Hausa bi í, "Wanene?" Tóbilọ́ba kígbe, "Mummy, ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ ti já a!" Mo ní, "Kí ni mo já?" Ó ní, "Èkó." Mo wo ọwọ́ ara mi.

Ó tún un pè, ó sì wọlé. Ó fi hàn mí bí mo ṣe máa kọ iye páálí tí mo fẹ́ àti iye tó kù nínú ìsọ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá lè jókòó sí Èkó kí wọ́n máa rí ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìborùn bò ó tí mo bá fẹ́ ka owó. Ó tún ní ẹ̀rọ náà lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, pé bí mo bá kọ lẹ́tà sí ọ nínú rẹ̀ báyìí, yóò dé kí n tó mu omi tán. Mo ní, "Kọ̀ǹpútà wà ní Ìgbẹ̀tì?" Ó yọ́ ẹ̀rín, ó ní bóyá lọ́jọ́ iwájú. Mo ní, "Ṣé lẹ́tà náà á wà lójú ọ̀nà títí di ọjọ́ iwájú ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká waya rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni ta ló máa san owó ìpè. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ ni, Mummy, ẹ má wulẹ̀ dààmú." Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀, òun gan-an ló sì kó bá mi. Ìwọ mọ bí mo ṣe tọ́ ọ: bí àgbà bá pè ọ́ lórí tẹlifóònù, ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Àgbà ló máa ní ó dàbọ̀, wàá sì dúró títí yóò fi gbé tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń sanwó ìpè, àgbà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àná. Nítorí náà, bí mo bá ti kọ iye páálí mi tán, n kì í já ìpè náà. Mò ń dúró kí Èkó dágbére.

Èkó kì í dágbére! Tó bá pẹ́ díẹ̀ tí n kò fọwọ́ kàn án, ìkọ̀wé kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á máa bi mí bóyá kí òun já ìpè náà ni àbí kí òun ṣì wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà tí mo kà tó láti kà á. Mo rò ó pé ọ̀gá ló ń dán mi wò. Ṣé èmi ni màá lé ẹni tó ń sanwó kúrò lórí tẹlifóònù? Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó wà níbẹ̀. Tóbilọ́ba ti fi ibi tí wọ́n ti ń pa á hàn mí lóòótọ́, àmọ́ ó ní tí mo bá ń retí ìdáhùn wọn, kí n má pa á. Ọ̀sẹ̀ tí o bímọ yẹn, ìdáhùn lórí ọjà oṣù tuntun ni mò ń retí. Nígbàkígbà tó bá ti bi mí, màá ní kó wà níbẹ̀. Mo ń kí i fún sùúrù rẹ̀.

Iná kò tilẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ náà. Ìwọ mọ Sabon Gari, ìgbà wo ni iná wà fún odidi ọ̀sẹ̀ rí? Bí wọ́n bá mú un lọ ni, ẹ̀rọ náà ì bá kú, ọkọ rẹ ì bá sì rí mi bá sọ̀rọ̀. Èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iná.

Nígbà kan tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn sú mi, mo gbé etí tẹlifóònù láti wò ó bóyá ó ti kú. Ariwo epo gbígbóná yẹn ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mo ní ó ṣeun, ó wà láàyè. Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, módẹ́ẹ̀mù tún tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo sì padà jókòó láti máa retí yín. Bóyá ìgbà yẹn gan-an ni Abdulazeez dúró sínú oòrùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá ti rò ó débẹ̀, mi ò lè rò ó kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí Dọ̀tun sọ tirẹ̀ tán, mo lọ bá Fọláwùmí. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi, pé èmi wà nílé. Fọláwùmí ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó, Ìyá Waheedat. Ẹ lọ tan ẹ̀rọ yín, kí èmi lọ pè yín láti ìta." Mo tàn án. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù ní ẹ̀gbẹ́ títì. Mo jókòó ti tèmi, mo tẹ́tí. Kò dún. Nígbà tí ó padà dé, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè. Ó ń sọ pé ẹ ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀." Mo ní, "Haba, Fọláwùmí! Ẹnu mi pa dé bí ilẹ̀kùn báńkì ní ọjọ́ Àìkú. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Ohun tó ń sọ nìyẹn." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A ránṣẹ́ pe Tóbilọ́ba. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé mi, pé bí kọ̀ǹpútà bá ti wà lórí rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè gbà á kọjá. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mummy, mo rò pé ẹ mọ̀." Mo ní, "Ẹni tó kí módẹ́ẹ̀mù ní Àsàlámù àlékùm, kí lo rò pé ó mọ̀?" Ó wolẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó wá bi mí bí mo ṣe ń pẹ́ tó lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń dúró kí Èkó dágbére, ó káwọ́ lérí. Fọláwùmí bú sẹ́rìn-ín, kò lè dúró mọ́, ó di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà mí, àwọn méjèèjì kò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí.

Wọ́n ti ṣàlàyé títí, mo ní ó ti yé mi kí wọ́n lè máa lọ. Kò yé mi. Bí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ni mo sọ? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí ló dé tí ẹ̀bi rẹ̀ fi já lé èmi lórí? Báwo ni ènìyàn ṣe lè jókòó sílé ara rẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ó ti ṣe tán fún àlejò, kí àlejò sì dé kí wọ́n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kò ráyè? Bí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ìgbẹ̀tì, bi í fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá ọ̀gá ní Chikaji. Mo ní ọmọ-ọmọ mi ti gba orúkọ láìsí tèmi nítorí páálí ọṣẹ. Ó káàánú, ó bù mí ní omi mu, ó wá ní kí n lọ gba tẹlifóònù kejì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ló ń gbé ojú ọ̀nà mi, ẹ̀yin lẹ máa la ọ̀nà tirẹ̀ fún un." A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn. Ibi tó parí sí ni pé ẹ̀rọ náà á máa bá Èkó sọ̀rọ̀ tí mo bá kírun àsùbáà tán, ní kùtùkùtù tí kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ṣe tán, èmi ni màá já a. Mi ò dúró de àgbà kankan mọ́. Alhaji ti Dogarawa lè máa retí lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni tèmi pẹ̀lú rẹ. Mo ti ra òrí, mo ti gún ata gbígbẹ, mo ti to aṣọ tí màá wọ̀ sínú báàgì. Fọláwùmí ní òun á máa bá mi wo ìsọ̀. Ṣùgbọ́n Dọ̀tun ní ìyá ọkọ rẹ ló ń wẹ ọmọ, pé ọwọ́ rẹ̀ dára, àti pé o kò sọ pé kí n wá, bẹ́ẹ̀ ni o kò sọ pé kí n má wá. Mo ti gbé báàgì yẹn dé ẹnu ọ̀nà, mo tún ti gbé e padà. Nígbà kan ṣáájú, ǹ bá ti mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ rẹ. Ní báyìí mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ti rí i pé ẹni tó dákẹ́ lè máa bínú, ó lè máa sùn, ó sì lè jẹ́ pé ó jókòó síbẹ̀ tó ń retí rẹ. Nítorí náà, jọ̀wọ́, má dákẹ́. Kọ ọ́ fún Dọ̀tun, ọ̀rọ̀ kan péré tó: wá, tàbí má tíì wá. Èyíkéyìí tí o bá kọ, n kò ní kùn.

Mo ní orúkọ kan fún ọmọ náà. Ó ti wà lẹ́nu mi kí ó tó dáyé. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ẹnu ìyá àgbà ni a ti ń gbọ́ oríkì, a kì í kà á nínú tákàdá. Ó di ìgbà tí mo bá rí i lójú.

Kí Ọlọ́run dá Hafeezat sí fún wa. Kí ó wò ó dàgbà, kí ó má fi ṣe ọmọ àwòsunkún. Kí omi ọmú rẹ má gbẹ. Kí ara rẹ padà bọ̀ sípò kíákíá. Kí Ọlọ́run san ẹsẹ̀ tí Abdulazeez rìn nítorí mi fún un ní rere. Sọ fún un pé mo kúnlẹ̀ kí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àna kì í kúnlẹ̀ kí ọkọ ọmọ rẹ̀. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ gidigidi, kí o sì sọ fún wọn pé mo mọ oore wọn lára.

Èmi ni ìyá rẹ tó wà nílé ní gbogbo ìgbà tí ẹ pè,
Sarat.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí tán kí n tó tún un já. Mo rò ó pé mọ́tò Dọ̀tun lè dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, o sì lè kọ "má tíì wá", ọmọ náà á sì máa dàgbà láìgbọ́ oríkì rẹ̀. Èmi kò tún lè fi í sínú ìdúró mọ́. Àwẹ̀ró ni. Tí o bá ti ka ìwé yìí dé ibí, gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ, kí o pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o sì wò ó dáadáa fún mi bóyá yóò yíjú.